Oògùn Kì Í Lọ Láìsí Èèwọ̀: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Oògùn Apakòkòrò, láti Moor Plantation dé Gbàgádà

Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ìmọ̀ nípa oògùn apakòkòrò gbà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń fín oògùn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àkókò tí a dáwọ́ lé gùn díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn fi ìdí ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn múlẹ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ó sì dé òde òní, tí oògùn tí a ṣe fún oko ti di ohun tí à ń lò nínú ilé ní Gbàgádà láti fi pa aáyán àti ẹ̀fọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ ìtàn kòkó ṣáájú wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ilẹ̀, owó, iṣẹ́ àgbàṣe àti òṣèlú. Ìwé tí Galletti, Baldwin àti Dina kọ ní 1956 lórí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, àti èyí tí Sara Berry tẹ̀ jáde ní 1975, jẹ́ òpó tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tiwa kéré sí tiwọn: ta ni ó sọ ohun tí ó wà nínú agolo fún àgbẹ̀ tí a gbé agolo náà lé lọ́wọ́, èdè wo ni ó sì fi sọ ọ́?

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé irú ìmọ̀ yìí kì í dá rìn. Ènìyàn ni ó ń gbé e. Nígbà tí ìjọba ní ènìyàn lóko, ìmọ̀ náà dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbọ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń dé. Nígbà tí ìjọba fa àwọn ènìyàn náà sẹ́yìn, oògùn kò bá wọn padà. Ó jókòó sí ọjà, ẹni tí ń tà á sì di olùkọ́.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé a mú Gbàgádà, àdúgbò tí kò ní ahéré kan ṣoṣo, mọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ni Gbàgádà wà, ibẹ̀ náà ni ọjà Mile 12 wà, ẹnu ọ̀nà tí púpọ̀ nínú tòmátò, ata àti àlùbọ́sà tí Èkó ń jẹ ń gbà wọlé. Ohun tí a bá fín sí ewéko ní ọ̀nà jíjìn, inú ìkòkò ọbẹ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ó ń parí sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ tí a kọ́ àgbẹ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jẹun ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Oògùn àti Májèlé

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ohun tí ń wo àìsàn, ó sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ohun tí ń pa kòkòrò. Yorùbá kò pín in bẹ́ẹ̀. Oògùn ni èyí tí a fi ń wo ibà, oògùn ni èyí tí a fi ń dáàbò bo ara, oògùn náà ni èyí tí a fi ń ṣe ọ̀tá ní ibi. Nígbà tí agolo dé láti òkè òkun, a kò wá orúkọ mìíràn fún un: oògùn kòkó, oògùn ẹ̀fọn, oògùn eku. Májèlé wà nínú èdè wa, ṣùgbọ́n a kì í sábà pe ohun tí a fi owó ara wa rà fún iṣẹ́ oko bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé níbí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń pe májèlé ní oògùn kò ní bẹ̀rù rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí pátápátá. Nínú ìṣe àwọn àgbà, oògùn kì í lọ láìsí èèwọ̀. Oníṣègùn tí ó bá fún ènìyàn ní àgúnmu yóò sọ ohun tí a fi ń mu ún, ìgbà tí a ń mu ún, oúnjẹ tí a kò gbọdọ̀ jẹ lé e, àti ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ tó o. Ẹni tí ó fún ni ní oògùn ni ó ń fún ni ní èèwọ̀ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kò bá sì yé ni, a ó padà lọ bi í. Bí a bá wá ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn apakòkòrò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ni a rí níbẹ̀ bí kò ṣe èèwọ̀? Má ṣe mu sìgá nígbà tí o bá ń fín in. Má ṣe fín in kọjú sí afẹ́fẹ́. Má ṣe kórè títí iye ọjọ́ báyìí yóò fi pé. Má ṣe fi agolo rẹ̀ pọn omi. Àgbẹ̀ Yorùbá kò ṣe àjèjì sí irú òfin báyìí rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ rí wínníwínní, kò sì sí ẹni tí a lè padà lọ bi. Ibẹ̀ ni àléébù wà.

Omi Aláwọ̀ Aró

Ẹ̀bá Èkó níhìn-ín ni oko kòkó ńláńlá ti kọ́kọ́ gbèrú ní ilẹ̀ Yorùbá. J. P. L. Davies, oníṣòwò pàtàkì, ti ń gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní ìhà Agége ní nǹkan bí 1880, nígbà tí ó sì di 1907, J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Àwọn alágbàṣe tí ó ṣiṣẹ́ lóko wọn ni ó kó irúgbìn àti ọgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ lọ sí ìlú wọn ní òkè. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ó fi hàn pé kí ìjọba tó ní ẹnìkan tí ń kọ́ni, ìmọ̀ kòkó ti ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ẹnu dé etí.

Ní 1910 ni ìjọba dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ti gúúsù sílẹ̀, tí ó fi Moor Plantation ṣe olú rẹ̀. Ní 1921 ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó jáde láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí ará Àgírííkì. Iṣẹ́ wọn pọ̀: wọ́n ń yẹ kòkó gbígbẹ wò, wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń sìn ín, wọ́n ń pín irúgbìn. Oògùn fífín kò tíì sí láàárín iṣẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi ni ó mú un wọlé. Àrùn yìí ń jà gan-an nígbà òjò, níbi tí oko bá ṣú tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ wọ inú rẹ̀, èso tí ó bá sì mú kò wúlò mọ́. Ohun tí a fi ń bá a jà ni àpòpọ̀ kan tí Millardet, ará Faransé, ti fi wo àrùn èso àjàrà sàn ní ìlú Bordeaux ní 1885: copper sulphate, tí ó dà bí yanrìn aláwọ̀ aró, àti ẹfun ìkunlé, tí a pò mọ́ omi.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, fífín omi aláwọ̀ aró yìí ti di iṣẹ́ tí gbogbo abà mọ̀. Ó wù wá láti dúró níbi rẹ̀, nítorí nínú gbogbo oògùn tí ìtàn yìí kàn, òun nìkan ni ó ń kọ́ni fúnra rẹ̀. A kò gbọdọ̀ pò ó sínú ohun èlò onírin, nítorí ó ń jẹ irin. Ìkòkò amọ̀ tàbí àgbá onígi ni a ń lò. Copper sulphate wà nínú omi tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹfun wà nínú tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí a tó dà wọ́n pọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹfun tó, a ó ki ẹnu ọ̀bẹ tí ó mọ́ bọ inú omi náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ bàbà pupa, ẹfun kò tó, omi náà yóò sì jó ewé. Bí ọ̀bẹ bá jáde bí ó ṣe wọlé, ó ti tó. Bí a bá fín in tán, gbogbo èso yóò kún fún àmì aró, tí olóko fi lè rí igi tí alágbàṣe fò. Òjò ni ó ń fọ̀ ọ́ kúrò, nítorí náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ara wọn ni a ń tún un fín títí òjò yóò fi dá.

Kò sí bí a ṣe lè fi ìwé kọ́ni ní ti ọ̀bẹ yìí bí kò ṣe kí a fi hàn. Ará Àgírííkì ní láti wá, kí ó pe àwọn ènìyàn jọ sí abẹ́ igi, kí ó pò ó lójú wọn, kí ó sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan lè fi han ẹlòmíràn. Èdè Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ fi ń wáyé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àgbẹ̀ ń rí ará Àgírííkì kí inú rẹ̀ dùn nígbà gbogbo. Ní 1944 ni a rí àrùn ọlọ́jẹ̀ tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní agbègbè Ìbàdàn. Kò sí oògùn kan tí ó lè wò ó. Ohun tí ìjọba ṣe láti 1946 títí dé 1950 ni pé ó rán àwọn òṣìṣẹ́ kan náà wọ inú oko láti gé igi tí àrùn mú, àti èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀. Ìjà dé, Ẹgbẹ́ Máyégún dìde ní Ìbàdàn láti gba tiwọn rò, ẹgbẹ́ yìí sì di ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tí Adégòkè Adélabú dúró lé nígbà tí ó ń wá agbára òṣèlú. Àwọn onímọ̀ òṣèlú ti kọ nípa ìyẹn. Èyí tí ó kàn wá ni pé lójú àgbẹ̀ tí a gé kòkó bàbá rẹ̀ lulẹ̀ ní 1948, ẹni tí ó wá ní 1955 pẹ̀lú agolo lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá pẹ̀lú àdá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ná ìjọba kí ìgbẹ́kẹ̀lé tó padà. Owó ni ó sì fi rà á padà.

Ìgbà Gammalin

Yàtọ̀ sí àrùn, kòkò­rò kékeré kan wà tí ń fa omi ara igi kòkó, tí ẹ̀ka fi ń gbẹ láti òkè wá. Omi aláwọ̀ aró kò ràn án. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni a ti ń fi lindane bá a jà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ICI ti Gẹ̀ẹ́sì ń tà ní orúkọ Gammalin 20. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi owó ìrànwọ́ sí i, tí àgbẹ̀ fi ń rà á ní owó pọ́ọ́kú. Owó tí Bọ́ọ̀dù tí ń ta kòkó rí láti ìgbà ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1947 wà lára ohun tí ó mú èyí rọrùn. Bí àwọn kan bá sọ pé owó àgbẹ̀ náà ni a fi ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, a kò ní bá wọn jiyàn.

Gammalin ṣiṣẹ́. A gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfi bò, nítorí ó ti di àṣà kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àgbẹ̀ kàn ń da májèlé sí oko láìnídìí. Igi tí ó ti ń kú padà rú ewé. Olóko tí ó fín an rí i yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò fín an. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ṣe ìwádìí kòkó ní Tafo ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1944, àti àwọn tiwa tí wọ́n di ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní oṣù December 1964, wá ìwọ̀n rẹ̀ dáradára.

Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó bá a rìn ni kò tó. Omi aláwọ̀ aró ń fi ara rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n Gammalin ń funfun bí wàrà nínú omi, bí ó bá sì gbẹ tán lórí ewé, ojú kò rí i mọ́. Kò sí ọ̀bẹ tí a fi ń dán an wò. Ó ń wọ inú ara láti ojú awọ, ó sì ń da iṣan ara rú; ẹni tí ń fín in láìbo ara lè lọ sílé pẹ̀lú orí fífọ́ àti òòyì, kí ó sì gbà pé oòrùn ni. Ará Àgírííkì tí ó bá ní abà tí ó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò lè dúró dé ọjọ́ kejì láti rí èyí. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pín agolo, kí ó fi pọ́ǹpù hàn wọ́n, kí ó sọ ìwọ̀n, kí ó sì máa lọ. Ìwọ̀n dé, èèwọ̀ kò dé. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tí ìwé ara agolo ń sọ, kò sí owó ìrànwọ́ lórí wọn ní tiwọn.

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé e. Èkíní ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, a rí i ní Ghana pé lindane kò ran àwọn kòkòrò kan mọ́. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé kòkòrò lè di alágbára sí oògùn, ohun kan ni ó lè rò: pé oògùn kò tó. Yóò fi kún un. Èkejì ni pé Gammalin kúrò lóko kòkó. Àwọn apẹja kan bẹ̀rẹ̀ sí dà á sínú odò. Ẹja ń léfòó, wọ́n ń kó o lọ sí ọjà, ẹni tí ó rà á kò mọ ohun tí ó pa á. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wúwo jù láti sọ. Orúkọ Gammalin di orúkọ tí a ń gbọ́ nígbà tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, débi pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọn kò wọ oko kòkó rí mọ orúkọ náà láti ibẹ̀. Oògùn tí ó wà ní gbogbo ilé, tí a kò sì fi èèwọ̀ rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò lè má rí bẹ́ẹ̀.

A kò fẹ́ kí a gbà pé ìjọba kò gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955 mú kí ọmọ tí ó lè ka ìwé wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àgbẹ̀. A lè gbà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń túmọ̀ ìwé ara agolo fún bàbá rẹ̀ níbi tí ará Àgírííkì kò bá dé. (Òun kan náà ni ó sábà máa ń pọn omi tí a fi ń po oògùn náà láti odò, èyí tí ìwé ara agolo ìbá kọ̀ bí ó bá lè sọ̀rọ̀.) Rédíò náà sì wà pẹ̀lú ètò àgbẹ̀ ní èdè Yorùbá. Láti 1969 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti mú àwọn abà kan ní agbègbè Ìsọ̀yà láti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbé ayé ilé kọ́ni papọ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ìsọ̀yà ṣe pàtàkì lójú wa nítorí pé àwọn obìnrin wà nínú rẹ̀. Obìnrin ni ó ń fọ aṣọ tí a fi fín oògùn, òun ni ó sì ń wá agolo tí yóò fi epo pa mọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá bá a sọ̀rọ̀ ti fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Nígbà Tí Bọ́ọ̀dù Kógbá Wọlé

Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ tú àwọn Bọ́ọ̀dù ká lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Kòkó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, tí ẹnikẹ́ni sì lè tà, owó rẹ̀ sì ga lójú àgbẹ̀. Oògùn náà di ti ẹni tí ó bá lówó rẹ̀. Yorùbá ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Àwọn tí wọ́n gbà pé owó ìrànwọ́ ni ó ń mú kí àgbẹ̀ fi oògùn ṣòfò ń retí pé bí ó bá ti wọ́n, yóò ná an bí ó ti yẹ. Ó ná an lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ra èyí tí owó rẹ̀ ká. Bí a bá tú oògùn láti inú garawa ńlá sínú ìgò ọtí tàbí ìgò omi, kò sí ìwé kankan lára irú ìgò bẹ́ẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní èdè mìíràn.

Àwọn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1980. Ti Èkó wà ní Òkò-Ọba ní Agége, nítòsí ibi tí Coker ti gbin kòkó. Ìlànà wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí a dá, kí ó sì máa bẹ àgbẹ̀ wò ní ọjọ́ tí a dá. Ìlànà tí ó dára ni. Ó ń gba alùpùpù, epo àti owó oṣù. Nígbà tí owó Báńkì tán, àwọn òṣìṣẹ́ náà ń dín kù, abà tí ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ń pọ̀ sí i.

Ní àkókò yìí ni ẹni tí ń fín oògùn fún owó di ẹni pàtàkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà; ó ní pọ́ǹpù tirẹ̀, ó ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn láti oko kan dé òmíràn, a sì ń san owó fún un ní iye ìgbà tí ó bá rọ pọ́ǹpù kún. Olóko arúgbó ni ó ra oògùn, ẹni tí ń tà á ni ó sọ ìwọ̀n, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ó sì ń fà á símú. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹnìkan tí ó mọ gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe oògùn, CropLife, ti ń kọ́ irú àwọn afínkòkó bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n a kò lè retí pé kí ẹni tí ń ta oògùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún àgbẹ̀ pé oko rẹ̀ kò nílò oògùn lọ́dún yìí. Ìyẹn ni ilé ẹ̀kọ́ inú oko, tí ètò àwọn igi eléso tí IITA ń darí gbé wá sí Oǹdó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, gbìyànjú láti ṣe: kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ ka kòkòrò tí ó wà lórí igi, kí ó gé ẹ̀ka tí ó ṣú, kí ó kó èso tí ó ti rà kúrò, kí ó tó na ọwọ́ sí agolo.

Òfin náà ń dé láti òkèèrè. Ní September 2008 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìṣẹ́kù oògùn nínú oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ lórí kòkó. Ní 2009 a fi lindane kún àwọn oògùn tí àdéhùn Stockholm fẹ́ pa rẹ́ ní ayé. Oògùn tí ìjọba fi owó ìrànwọ́ rọ àgbẹ̀ láti lò di ohun tí a lè torí rẹ̀ kọ kòkó rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté. Kò sí iye ìwé ìròyìn tí ó lè sọ èyí di ohun tí ó yé àgbẹ̀ tí ó ti pé 70 ọdún, tí àwọn ará Àgírííkì fúnra wọn kọ́ láti fín in.

Mile 12 àti Ilé Ìdáná Gbàgádà

Lórí ẹ̀wà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá hàn gbangba. Ní June 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró. Wọ́n rí dichlorvos nínú rẹ̀, láti míligíráàmù 0.03 títí dé 4.6 nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ 0.01 ni wọ́n gbà láàyè. Èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ ìlọ́po 460. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Wọ́n sún un síwájú dé 2019, wọ́n sì tún sún un lẹ́yìn náà. Lóko kọ́ ni púpọ̀ nínú oògùn yìí ti wọ inú ẹ̀wà, ilé ìkẹ́rùsí ni. Oníṣòwò tí kòkòrò fẹ́ ba ẹrù rẹ̀ jẹ́ ń da ohun tí ó ń pa á kíákíá sí i. Àwọn ìyá wa ń fi eérú àti ata gbígbẹ pa ẹ̀wà mọ́, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìpamọ́ irè oko tí olú rẹ̀ wà ní Ìlọrin sì ti ṣe ìyẹ̀fun tí kì í ṣe májèlé fún iṣẹ́ kan náà. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ sì wà pẹ̀lú. Ìmọ̀ wà nígbà náà. Ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kó àpò sórí ọkọ̀ ni kò tó.

Dichlorvos kan náà ni a mọ̀ sí Sniper nínú ilé, òun ni a sì ń pò mọ́ epo kẹrosíìnì tí a ń kiri rẹ̀ ní orúkọ ọ̀tapìápìá. Ní àdúgbò bí Gbàgádà, níbi tí ẹ̀fọn ti ń bí sí inú kọ́tà tí omi rẹ̀ kò ṣàn, gbogbo ìdílé ni ó ti di olùfín-oògùn láìní ìwé àṣẹ. NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, tí ó sì ti fòfin de oògùn ọ̀gbìn 30 ní 2008, kọlu ìgò kékeré 100 mílílítà ní 2019: kò gbọdọ̀ sí ní ilé ìtajà mọ́, oko nìkan ni kí a máa lò ó sí, ní ìgò ńlá. Ikú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mu ún wà lára ohun tí ó fà á. Àwọn tí wọ́n bá rántí Gammalin yóò mọ̀ pé ọ̀ràn àtijọ́ ni ó padà wá ní ìgò tuntun. Láti January 2024 ni ó tún lé paraquat, oògùn apakoríko, kúrò lọ́jà.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn òfin wọ̀nyí kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí a má tà á yàtọ̀ sí ọ́fíìsì tí ènìyàn lè lọ bi léèrè pé kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀. Ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì kan wà tí ìròyìn oògùn apakòkòrò jẹ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kọ ìwé tí àwọn tí ń fín oògùn fi ń múra fún ìdánwò ìwé àṣẹ, ó sì ń ṣàlàyé òfin fún àgbẹ̀. Òfin Smith-Lever ti 1914, tí ó so yunifásítì mọ́ oko, ni gbòǹgbò rẹ̀. A kò sọ pé kí a gbé e wá bí ó ti wà. Òfin tí ó ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń fín oògùn ni ó fún ọ́fíìsì náà lẹ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, yàrá ìwádìí NAFDAC wà ní Òṣòdì, tí kò jìnnà sí Gbàgádà, níbi tí a ti lè mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀wà. Obìnrin tí ń ta ata ní Mile 12 kò lè rìn wọ ibẹ̀ láti lọ bi wọ́n ní Yorùbá pé irú oògùn wo ni wọ́n fín sí ata òun, àti pé ọjọ́ mélòó ni ó yẹ kí ó ti kọjá kí a tó já a.

Iṣẹ́ tí ó kù fún òpìtàn níhìn-ín kò lè dúró pẹ́. Àwọn ará Àgírííkì kò kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ lábẹ́ igi sílẹ̀, ìwé ìjọba sì sábà máa ń ka iye agolo tí a pín ju ọ̀rọ̀ tí a bá agolo náà sọ lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó kọ́kọ́ ki ọ̀bẹ bọ inú omi aláwọ̀ aró ní 1955 ti pé 90 ọdún. Ní Agége, ní Ìbàdàn, ní Oǹdó àti ní Ifẹ̀, ó yẹ kí a jókòó ti àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn, kí a bi wọ́n ní ohun tí a sọ fún wọn, ohun tí a kò sọ fún wọn, àti bí wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n.